Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Oníkáágò: Owó Ibodè Tí Ẹ Gbà Lọ́wọ́ Wa Dà?

Sí gbogbo ẹ̀yin oníkáágò àti ejẹ́ńtì tí ẹ ń bá àwa oníṣòwò kéékèèké kó ẹrù láti Nàìjíríà wọ Amẹ́ríkà,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú wàhálà pápákọ̀ òfurufú, ẹ kú àìsùn. Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá kò gba ìkíni gígùn, nítorí ọjọ́ ń lọ lórí rẹ̀.

Ní 20 February 2026, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní Amẹ́ríkà dá ẹjọ́, adájọ́ mẹ́fà sí mẹ́ta, pé òfin pàjáwìrì ọrọ̀ ajé ti ọdún 1977 tí wọ́n ń pè ní IEEPA kò fún ààrẹ lágbára láti bu owó ibodè lé ẹrù tó ń wọlé. Olórí àwọn adájọ́, John Roberts, ló kọ ìdájọ́ náà. Owó tí Ààrẹ Trump fi òfin yẹn gbé lé ẹrù wa láti 5 April 2025 ti di owó tí kò bófin mu láti ìpìlẹ̀ wá. Ìdájọ́ náà kò sọ bí wọn yóò ṣe dá owó padà. Ìyẹn bọ́ sọ́wọ́ Ilé Ẹjọ́ Òwò Ilẹ̀ Òkèèrè ní New York, níbi tí Adájọ́ Richard Eaton ti pàṣẹ ní oṣù March pé kí àwọn aṣọ́bodè ṣe ìṣirò ẹrù láìka owó IEEPA mọ́ ọn. Àwọn aṣọ́bodè fúnra wọn sọ fún ilé ẹjọ́ pé owó náà tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 166 dọ́là, àti pé àwọn tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ wọn lé ní 330,000. Ní 20 April, wọ́n ṣí ọ̀nà ìbéèrè kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n pè ní CAPE.

Gbogbo èyí ṣẹlẹ̀, ẹ kò sì sọ nǹkan kan fún wa. Oníkáágò tí èmi ń bá ṣe, tí n kò ní dárúkọ níhìn-ín, fi ohùn sílẹ̀ sórí WhatsApp àwọn oníbàárà rẹ̀ nígbà tí mo béèrè. Ó ní: “Owó tó bá ti wọ àpò ìjọba Amẹ́ríkà kì í jáde mọ́ o. Ẹ jẹ́ ká gbájú mọ́ iṣẹ́.” Kí ohùn náà tó tutù, ó ti fi iye owó kílò tuntun tẹ̀ lé e. Mo bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sọ̀rọ̀ níbí ní Houston, mo pe àwọn tó wà ní Maryland, èsì tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn oníkáágò tiwọn kò yàtọ̀ sí èyí.

Owó náà máa ń jáde, ó sì ti jáde rí. Ní ọdún 1998, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ kan náà fagi lé owó ìtọ́jú èbúté tí wọ́n ń gbà lórí ẹrù tó ń jáde kúrò ní Amẹ́ríkà, nínú ẹjọ́ tí ilé iṣẹ́ oníbàtà kan pè, wọ́n sì dá owó padà fún àwọn tó béèrè tí ìwé wọn pé. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ àpò ìjọba sílẹ̀, kí a sọ̀rọ̀ àpò tiyín.

1. Orúkọ ta ló wà nínú ìwé?

Nínú òfin Amẹ́ríkà, ẹni tí aṣọ́bodè mọ̀ ni ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kó ẹrù wọlé, tí ẹ̀yin ń pè ní importer of record. Òun ló jẹ ìjọba lówó bí owó kò bá pé, òun náà sì ni ìjọba máa ń dá owó padà fún. Kò kan aṣọ́bodè bóyá ẹni yẹn ló mú owó náà jáde lápò tàbí ó gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Nígbà tí mo gbé aṣọ mi fún yín ní Èkó, kì í ṣe orúkọ tèmi ni ẹ kọ. Orúkọ ilé iṣẹ́ yín ni, tàbí orúkọ ejẹ́ńtì tó ní ìwé àṣẹ tí ẹ̀yin náà ń gbé iṣẹ́ fún. Kò sí ohun tó burú nínú èyí nígbà náà, ó rọrùn fún tọ̀túntòsì. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ lónìí ni pé bí èmi bá tẹ ọ̀rọ̀ sórí CAPE títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, wọn kò ní dá mi lóhùn. Ẹ̀yin, tàbí ejẹ́ńtì tó kọ ìwé ẹrù náà, nìkan lẹ lè béèrè. Owó wa wà nínú yàrá tó jẹ́ pé ọwọ́ yín ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà, ẹ wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ẹ ní kò sí nǹkan nínú yàrá.

Ẹ wo ohun tí àwọn ẹlòmíràn ṣe. Costco, ilé ìtajà ńlá nì, kò tilẹ̀ dúró de ìdájọ́. Láti oṣù November 2025 ni wọ́n ti pe ìjọba lẹ́jọ́ kí àyè má bàa bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. FedEx, tí iṣẹ́ rẹ̀ jọ tiyín ju ti Costco lọ, pe ẹjọ́ tirẹ̀ ní 23 February, ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ìdájọ́, wọ́n sì kéde pé bí owó bá bọ́ sí wọn lọ́wọ́, wọn yóò dá a padà fún àwọn tó fi ẹrù ránṣẹ́ àtàwọn tó gba ẹrù, tí wọ́n san án ní tòótọ́. Ìlérí bẹ́ẹ̀ kò tíì ti ẹnu ẹyọ oníkáágò Yorùbá kan jáde létí mi.

2. Iye tí ẹ gbà àti iye tí ẹ san

Mo tẹ́ rìsíìtì mẹ́ta sílẹ̀ lórí tábìlì bí mo ti ń kọ̀wé yìí. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ti 20 May 2025: àpò Ghana-must-go méjì, aṣọ òkè láti Ìsẹ́yìn àti àdìrẹ láti ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, iye rẹ̀ 1,900 dọ́là. Lábẹ́ owó kílò, ẹnì kan fi bírò búlúù kọ “Trump 14%” sí i, ó sì kọ 266 dọ́là sí iwájú rẹ̀.

Ibo ni 14 ti wá? Òótọ́ ni pé 14 nínú ọgọ́rùn-ún ni Ààrẹ kéde fún Nàìjíríà ní 2 April 2025. Ṣùgbọ́n ní 9 April tí iye yẹn bẹ̀rẹ̀ gan-an ni ó kéde pé òun dá a dúró; kò ju ọjọ́ kan lọ lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tó kù lórí ẹrù Nàìjíríà láti ìgbà náà ni 10 nínú ọgọ́rùn-ún, títí di 7 August tí 15 fi bẹ̀rẹ̀. Ẹrù mi wọlé ní May. 190 dọ́là ni òfin ìgbà náà béèrè. Ta ló ni 76 dọ́là tó kù? Aṣọ́bodè kò lè dá a padà, nítorí kò débẹ̀ rí. Ọwọ́ yín ló wà, kò sì nílò CAPE tàbí adájọ́ kankan kí ó tó jáde.

Èyí tó tún wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ nìyí. Títí di 29 August 2025, ẹrù tí iye rẹ̀ kò ju 800 dọ́là lọ fún ẹnì kan ní ọjọ́ kan lè wọlé láti Nàìjíríà láìsan owó ibodè rárá. Obìnrin kan tí a jọ ń ta ọjà ní ọjọ́ Sátidé ń kó fìlà àti ìlẹ̀kẹ̀. Ẹrù rẹ̀ kì í kọjá 500 dọ́là. Láti May títí di August ọdún yẹn, gbogbo ìgbà ni oníkáágò rẹ̀ ń gba 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú méjì ni: yálà wọ́n pa ẹrù rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti àwọn ẹlòmíràn sínú ìwé ńlá kan, wọ́n sì san owó ibodè lórí gbogbo rẹ̀, a jẹ́ pé nọ́mbà ìwé ẹrù kan wà tí wọ́n lè fi béèrè owó padà; tàbí kí ẹrù náà ti wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹni tó gba owó sì ti fi sápò ara rẹ̀. Mo ti ronú sí i lọ́tùn-ún lósì, n kò rí ẹ̀kẹta.

Kí n má purọ́, àwa oníṣòwò náà kò mọ́ tó. Àwọn kan nínú wa ló ń bẹ̀ yín pé kí ẹ kọ 600 dọ́là sórí ẹrù 3,000, nítorí kí owó ibodè lè kéré. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ kò lè retí ju owó tí wọ́n san lórí 600 lọ, ó sì yẹ kí ó ro ó dáadáa kí ó tó pariwo. Ṣùgbọ́n àwọn tí kò bẹ̀ yín ńkọ́? Bí ẹ bá gba owó ibodè lórí iye kíkún lọ́wọ́ wa, tí ẹ wá kọ ìdajì fún aṣọ́bodè, ìwé ẹrù ni yóò fi hàn, ìyẹn ni mo sì gbàgbọ́ pé ó fà á tí àwọn kan nínú yín kò fi fẹ́ kí ojú wa kan ìwé náà.

3. Ọjọ́ tí ń lọ

Ibí yìí ni ìpanumọ́ yín ti ń pa wá lára jù. Ọjọ́ kan wà tí àwọn aṣọ́bodè máa ń parí ìṣirò lórí ẹrù, tí wọ́n sì ń pa ìwé rẹ̀ dé. Liquidation ni ẹ̀yin ń pè é, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Fún ìwé ẹrù ńlá, ó sábà máa ń tó ọjọ́ 314 lẹ́yìn tí ẹrù wọlé. Láti ọjọ́ tí wọ́n bá pa á dé, ẹni tó ni ìwé ní ọjọ́ 180 láti kọ ìwé àtakò. Àwọn aṣọ́bodè fúnra wọn sì lágbára láti tún ìwé náà ṣí láàárín ọjọ́ 90. Ìdí nìyí tí ìpele àkọ́kọ́ CAPE fi gba ìwé tí wọn kò tíì pa dé àtàwọn tí kò tíì pẹ́ tí wọ́n pa dé. Èyí tó bá ti pẹ́ jù, ọ̀nà rẹ̀ le, kò sì sí ohun tó ń sọ ìwé di èyí tó pẹ́ bí kò ṣe kí a máa wò ó.

Ìwé ẹrù kékeré tún yàtọ̀. Ẹrù tí iye rẹ̀ kò ju 2,500 dọ́là lọ lè gba ìwé tí wọ́n ń pè ní informal entry, ti irú èyí kì í sì í dúró de ọjọ́ 314. Ọjọ́ tí wọ́n bá sanwó, tí ẹrù sì jáde, ni ìwé rẹ̀ ti padé. Àwọn oníṣòwò kéékèèké, tí ẹrù wọn kì í tó 2,500, ni ọjọ́ 180 kọ́kọ́ ń tán fún.

Ẹ jẹ́ kí n fi rìsíìtì mi kejì ṣe àpẹẹrẹ. Ẹrù náà dé ní 16 September 2025. 2,400 dọ́là ni iye rẹ̀, 15 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ sì jẹ́ 360 dọ́là, mo san án pé. Bí ó bá jẹ́ ìwé kékeré ni ẹ fi mú un wọlé, 15 March 2026 ni ọjọ́ 180 rẹ̀ pé. Láti ọjọ́ ìdájọ́ títí di ọjọ́ yẹn, ọjọ́ mẹ́tàlélógún ló wà láàárín, ìwé àtakò kan ṣoṣo ni ó sì ń fẹ́. Mo béèrè lọ́wọ́ oníkáágò mi lẹ́ẹ̀mejì láàárín àkókò náà. Ìgbà àkọ́kọ́, àmì méjì búlúù yọ, kò dáhùn. Ìgbà kejì ni ó fi ohùn tí mo ti sọ yẹn sílẹ̀.

Ti May ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ ìwé kékeré, ọjọ́ rẹ̀ ti pé láti November, kí ilé ẹjọ́ tó sọ̀rọ̀ rárá, a kò sì lè dá yín lẹ́bi fún ìyẹn. Bí ó bá jẹ́ ìwé ńlá tí ẹ pa ẹrù ènìyàn púpọ̀ pọ̀ sí, nǹkan bí ìparí March 2026 ni ó yẹ kí wọ́n ti pa á dé, àyè sì wà fún un. Ẹrù kẹta, ti 9 December, jẹ́ 3,100 dọ́là, owó rẹ̀ 465. Ìwé ńlá ni tirẹ̀ láìsí àríyànjiyàn, kò sì yẹ kí wọ́n tíì pa á dé títí di October 2026. Kò sí ìdí kankan lábẹ́ ọ̀run tí ẹ kò fi ní ti béèrè fún ti ìyẹn.

Fún àwọn ìwé tí ọjọ́ 180 ti kọjá lórí wọn, ilẹ̀kùn kan kù. Òfin fún ẹni tó bá fẹ́ pe ìjọba lẹ́jọ́ ní Ilé Ẹjọ́ Òwò Ilẹ̀ Òkèèrè ní ọdún méjì láti ìgbà tí ẹ̀tọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Fún owó tí a san ní April 2025, a jẹ́ pé April 2027 ni. Ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ń gba lọ́yà, lọ́yà sì ń gba owó, ojú bọ̀rọ̀ kọ́ ni a sì fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́. Ṣùgbọ́n bí oníkáágò kan bá ní igba oníbàárà, ìṣirò rẹ̀ yàtọ̀ sí ti èmi nìkan.

4. Ohun tí kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí

Kí ẹnikẹ́ni nínú wa má lọ di ẹrù ẹlẹ́rù lé yín lórí. Owó IEEPA nìkan ni ilé ẹjọ́ fagi lé. Owó ibodè àtijọ́ tó wà lórí aṣọ kí Trump tó dé kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ti irin àti alumíníọ̀mù lábẹ́ òfin 232, ti ẹrù China lábẹ́ òfin 301, tàbí owó iṣẹ́ tí aṣọ́bodè ń gbà lórí ìwé kọ̀ọ̀kan. Owó tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní 24 February 2026 lábẹ́ òfin 122 náà kò sí nínú ìdájọ́ yẹn. Nínú ìwé ẹrù, ìlà tí nọ́mbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 9903.01 tàbí 9903.02 ni ẹ ó kọ́kọ́ wá fún ẹrù Nàìjíríà, iye tó wà níwájú rẹ̀ sì ni a ń sọ.

5. Ohun tí a ń béèrè

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbà kò wọ kèrègbè. Àwa kò ní orúkọ lọ́dọ̀ aṣọ́bodè. Ẹ̀yin kò lè fi ọkàn balẹ̀ pín owó láìrí rìsíìtì wa. Nítorí náà, ohun tí a fẹ́ nìyí.

A fẹ́ kí oníkáágò kọ̀ọ̀kan fún oníbàárà rẹ̀ ní nọ́mbà ìwé ẹrù tó gbé ẹrù rẹ̀ wọlé láti 5 April 2025 sí 23 February 2026, ọjọ́ tí wọ́n pa á dé bí wọ́n bá ti pa á dé, àti ẹ̀dà ìwé 7501 tó fi iye tí ẹ kọ fún aṣọ́bodè hàn. Bí ẹrù ènìyàn púpọ̀ bá wà nínú ìwé kan, ẹ bo orúkọ àwọn yòókù, ẹ fi ti oníkálukú hàn án. Bí ó bá jẹ́ pé ejẹ́ńtì mìíràn ló ni ìwé náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ni oníbàárà rẹ̀, àwa kọ́, kò ní dá wa lóhùn.

A fẹ́ kí ẹ fi orúkọ ilé iṣẹ́ yín sílẹ̀ lórí ACE, ìkànnì àwọn aṣọ́bodè lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí ẹ kò bá tíì ṣe é, kí ẹ sì fi àkáǹtì báńkì Amẹ́ríkà kan síbẹ̀, nítorí láti 6 February 2026 ni àwọn aṣọ́bodè ti kúrò lórí ṣẹ́ẹ̀kì tí wọ́n fi ń dá owó padà, tí wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́ tààrà sí báńkì. Mo gbọ́ pé èyí ni àwọn kan nínú yín ń sá fún, nítorí àkáǹtì tí ẹ ń lò jẹ́ ti ara yín, kì í ṣe ti ilé iṣẹ́. Ẹ lọ ṣí òmíràn. Kò gbà ju ọ̀sán kan lọ.

Bí owó bá dé, a fẹ́ kí ẹ fún wa pẹ̀lú èlé tó bá a wá. Òfin ní kí aṣọ́bodè san èlé láti ọjọ́ tí wọ́n ti gba owó náà, èlé yẹn kì í sì í ṣe ẹ̀bùn fún ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé. Ẹ lè yọ owó iṣẹ́ yín, iṣẹ́ ni lóòótọ́. Lójú tèmi, márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún tó, ẹni tó bá sì fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó sọ ọ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tí owó bá wọlé.

Ohun kan ṣì kù tí n kò fẹ́ gbọ́ rárá. Àwọn ilé iṣẹ́ olówó kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń ra ẹ̀tọ́ owó àdápadà yìí lówó pọ́ọ́kú, tí wọn yóò fún yín ní díẹ̀ lónìí kí wọ́n lè kó gbogbo rẹ̀ lọ́la. Ẹ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ta ohun tí kì í ṣe tiyín. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ti buwọ́ lu irú ìwé bẹ́ẹ̀, kí ó tètè sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́ ọ níta.

Ọgbọ̀n ọjọ́ láti òní ni a fún yín fún nọ́mbà ìwé ẹrù. Lẹ́yìn náà, àwa tí a ti kó rìsíìtì wa jọ ní Houston yóò jọ lọ bá lọ́yà kan, ohun àkọ́kọ́ tí a ó sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni bí ilé ẹjọ́ ìpínlẹ̀ ṣe ń wo ẹni tó gba owó ibodè lórí ẹrù tó wọlé lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní tèmi, fọ́tò rìsíìtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wà lórí WhatsApp oníkáágò mi láti ọjọ́ Ajé. 1,091 dọ́là ni mo san lápapọ̀. Àmì méjì búlúù ti yọ.

Èmi ni,
oníṣòwò aṣọ òkè kan ní Houston, Texas